Bí ẹ ṣe máa gbọ́ Concierto de Aranjuez ti Joaquín Rodrigo tó fi máa wọ̀ yín lára

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ orin yìí rí láì mọ orúkọ ẹ̀. Orin tí gìtá kan ń ta pẹ̀lú ọ́kẹ́sítírà ni, ìyẹn ẹgbẹ́ olórin ńlá tó ní fayolín àti fèrè lóríṣiríṣi. Apá àárín ẹ̀ ni mò ń sọ, èyí tó ń rọra lọ bí ẹni tó ń ro nǹkan, tí fèrè kan á kọ́kọ́ gbé ohùn arò sókè tí gìtá á wá máa dá a lóhùn. Wọ́n ti fi sábẹ́ fíìmù, wọ́n ti fi polówó ọjà, àwọn olórin ti fi ọ̀rọ̀ sí i ní oríṣiríṣi èdè, Miles Davis, ọ̀gá orin jáàsì ní Amẹ́ríkà, náà gbé trumpet tì í nínú àwo Sketches of Spain tó jáde lọ́dún 1960. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibẹ̀ yẹn nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Wọ́n á gbọ́ ìṣẹ́jú 2 nínú ẹ̀, wọ́n á ní áà, orin òkú ni, wọ́n á kọjá lọ. Orin òkú kọ́ rárá o. Apá 3 ni orin yẹn ní, èyí tó bani nínú jẹ́ yẹn, àárín ìdùnnú méjì ni wọ́n gbé e sí, ẹni tó bá fo èyí tó ṣáájú àti èyí tó gbẹ̀yìn dà bí ẹni tó lọ kí tọkọtaya nílé ọ̀fọ̀ tí kò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ra wọn tó.

Èmi gìtá ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin ìyìn ni mo fi dàgbà, mi ò kàwé nípa orin òyìnbó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ Rodrigo, sípíkà fóònù ni mo fi gbọ́ ọ, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, mo sì ń bi ara mi pé kí ló wà nínú eléyìí tí wọ́n ń torí ẹ̀ pariwo. Gìtá yẹn ń dún tín-ín-rín bí ẹni ń fi èékánná ha agolo. Ó tó oṣù mélòó kan kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tẹ dùùrù tó fi íápíìsì bọ̀ mí létí lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, ó ní kí n dijú, kí n má sọ̀rọ̀ títí á fi parí. Nígbà tó parí mo bi í pé ṣé orin ọjọ́sí náà nìyí. Òun náà ni. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹlòmíì kó má bàa pàdánù ẹ̀ bí mo ṣe pàdánù ẹ̀ nígbà yẹn.

Torí náà íápíìsì ló kọ́kọ́ kàn, kò sì di ìgbà tó bá jẹ́ olówó ńlá. Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, gìtá nìkan ló ń fi gbogbo okùn ẹ̀ lu bí ìlù, jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀ àwọn fayolín ńláńlá tí wọ́n ń ta lóòró, àwọn tí ohùn wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá, di ohùn kan ṣoṣo mú wọn ò jẹ́ kó lọ. Sípíkà fóònù ò lè gbé ohùn yẹn jáde. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, gìtá yẹn á dà bí ẹni tó ń jó lórí afẹ́fẹ́, kò ní sí ilẹ̀ kankan lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Gbogbo iná ọ́kẹ́sítírà tó máa jó síwájú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣáná sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá odindi orin náà. Tí ẹ bá tẹ orúkọ ẹ̀ sórí YouTube, èyí tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 4 tàbí 5, wọ́n ti gé e, ẹ fi í lẹ̀. Odindi ẹ̀ máa ń tó ìṣẹ́jú 21 sí 23, ó dọ́wọ́ ẹni tó ń ta gìtá. Ẹ máa rí orúkọ apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀: Allegro con spirito, Adagio, Allegro gentile. Tí ẹ bá lè dáńlóòdù ẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ọ, ó dáa jù, torí kò sí ohun tó ń ba orin yìí jẹ́ tó kí ìpolówó bẹ́ sí i nígbà tí apá kejì bá ń parí lọ. Ẹ fi fóònù dojú bolẹ̀. Má wò ó. Mò ń sọ ọ́ fún yín tìfẹ́tìfẹ́, kò sí ohun kan lójú fídíò yẹn tó yẹ kí ẹ rí, ẹni tó kọ ọ́ pàápàá ò rí i.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́ wá kàn báyìí, mi ò ní fi ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ sú yín, ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ láti gbọ́ orin náà nìkan ni màá sọ. Sagunto ni wọ́n bí Joaquín Rodrigo sí, ìlú kan nítòsí Valencia ní ìlà oòrùn Sípéènì, ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1901, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni àwọn Kátólíìkì máa ń ṣàjọ̀dún Cecilia mímọ́, ẹni tí àwọn olórin gbà bí alábòójútó wọn. Ọmọ ọdún 3 ni nígbà tí àrùn ọ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní difitéríà jà ládùúgbò wọn, àrùn yẹn ló mú ojú ẹ̀ lọ. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìwé àwọn tí kò ríran ní Valencia, ibẹ̀ ló ti kọ́ dùùrù àti fayolín. Nígbà tó dàgbà ó máa ń sọ pé àìrí yẹn ló ti òun sínú orin. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: kò mọ gìtá ta. Ẹni tí ayé mọ̀ sí baba orin gìtá yìí, dùùrù ló ń tẹ̀.

Lọ́dún 1927 ó gba Paris lọ láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Paul Dukas, ọmọ Faransé kan tó ń kọ orin. Kò dá lọ, Rafael Ibáñez bá a lọ, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń kàwé fún un tó sì ń bá a kọ orin sílẹ̀, Rodrigo ní Rafael yá òun ní ojú tí òun ò ní. Paris yẹn náà ló ti pàdé Victoria Kamhi, ọmọbìnrin Júù kan láti Istanbul tó jẹ́ ọ̀gá lórí dùùrù. Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún 1933. Kò pẹ́ tí owó fi tán lọ́wọ́ wọn, ìyàwó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀ ní Paris, ọkọ wà ní Sípéènì. Nígbà tí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn ló kọ orin kan tó ń jẹ́ Cántico de la esposa lọ́dún 1934, orin ìyàwó tó ń wá olólùfẹ́ ẹ̀ kiri. Manuel de Falla, ọmọ Sípéènì tó ń kọ orin tó ti di ìlú mọ̀ọ́ká, bá wọn dá sí i kó tó rí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan gbà tó jẹ́ kí wọ́n tún wà pa pọ̀. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Sípéènì lóṣù keje ọdún 1936, owó yẹn dáwọ́ dúró, lọ́kọ láya bá ara wọn nílẹ̀ òkèèrè láìní nǹkan kan. Ilé àwọn tí kò ríran ní Freiburg, ní Jámánì, ni wọ́n forí pamọ́ sí fún ìgbà kan, wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn ní èdè Sípéènì àti orin kí wọ́n lè jẹun.

Lọ́dún 1938, nídìí oúnjẹ kan ní San Sebastián ní Sípéènì, atagìtá tó ń jẹ́ Regino Sainz de la Maza sọ fún un pé ó yẹ kó kọ concerto fún gìtá, ìyẹn orin tí ohun èlò kan máa ń ṣíwájú tí ọ́kẹ́sítírà á máa gbè é. Paris ló ti kọ ọ́ lọ́dún 1939. Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n padà sí Sípéènì pẹ̀lú orin náà lọ́wọ́. Regino ló kọ́kọ́ ta á fáráyé gbọ́, ní Barcelona, ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1940.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bó ṣe ń kọ orin, torí ó máa yí bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ padà. Braille, ìkọ̀wé tí àwọn tí kò ríran ń fi ìka kà, ló fi ń kọ ọ́. Ojú àmì 6 ló wà nínú àyè Braille kan, 3 lápá òsì, ìyẹn ìkíní dé ìkẹta láti òkè wá sílẹ̀, 3 lápá ọ̀tún, ìyẹn ìkẹrin dé ìkẹfà, èyí tó bá yọ gọngọ lórí pépà ni ìka máa kà. Tó bá di ti orin, ojú 4 tó wà lókè ló ń sọ irú ohùn tó jẹ́, 2 tó wà nísàlẹ̀ sì ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ mú ohùn dó, dó rè mí fà yẹn. Tí ojú kìíní, ìkẹrin àti ìkarùn-ún bá yọ, dó kúkurú nìyẹn. Ẹ wá fi ojú kẹfà kún un, ó gùn ní ìlọ́po méjì. Ẹ yọ ìkẹfà kúrò, ẹ fi ìkẹta rọ́pò, ó tún gùn ní ìlọ́po méjì sí i. Ẹ fi ìkẹta àti ìkẹfà sí i pa pọ̀, ó di odindi, èyí tó gùn jù. Ohùn kan ṣoṣo nìyẹn o! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohùn ló wà nínú ìṣẹ́jú 22.

Ẹni tó ríran tó ń wo ìwé ọ́kẹ́sítírà, ojú ẹ̀ á rí gbogbo ohun èlò lẹ́ẹ̀kan náà, fèrè lókè, fayolín nísàlẹ̀, gìtá láàárín, tí èyí bá fẹ́ bo èyí mọ́lẹ̀ á rí i kíá. Ìka ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ni ìka ń kà lẹ́ẹ̀kan, ìyókù orí ló gbọ́dọ̀ gbé e. Tí Rodrigo bá kọ ọ́ tán ní Braille, á jókòó ti ẹni tó ríran, á máa pè é fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa gùn tó, ibi tó ti máa le àti ibi tó ti máa rọ̀, ó tán lórí ohun èlò yìí ó kàn lórí tọ̀hún, ìyẹn á máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí tàwọn tó ríran. Victoria á wá bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin yẹn fi dùùrù tó fẹ́ fi jẹun sílẹ̀ torí iṣẹ́ yìí, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí ẹni tó rántí dárúkọ ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé torí bẹ́ẹ̀ ni ohunkóhun kì í fi í ṣòfò nínú orin yẹn. Gbogbo ohun èlò tó bá wọlé ló ní ohun tó wá ṣe, tó bá sì ti ṣe é tán ó máa jáde. Ẹ máa gbọ́ ọ.

Ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Kí apá kìíní tó lọ jìnnà, ẹ fi ọwọ́ lu itan yín bíi mélòó kan. Ẹ ka 6, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì títí dé ẹ̀ẹ̀mẹfà, láìsáré. Ẹ kọ́kọ́ fi agbára sórí 1 àti 4, á dún gbám-títí, gbám-títí. Ẹ tún un kà, kíkà kan náà, ìyára kan náà, ṣùgbọ́n ẹ fi agbára sórí 1, 3 àti 5, á dún gbám-tí, gbám-tí, gbám-tí. Ẹ máa pààrọ̀ wọn, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì. Ohun tí gìtá yẹn ń ṣe nìyẹn. Méjì wà nínú 6, mẹ́ta náà wà nínú ẹ̀, Rodrigo sì ń fi wọ́n ṣeré bí ẹni ń ta ayò. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin òyìnbó máa ń fi gbólóhùn gígùn ṣàlàyé ibẹ̀ yẹn fún àwọn tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jó sí agogo rí, tí kónkóló ti wọ̀ lára láti kékeré, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti rí i o, Sípéènì ti ń jó irú ẹ̀ láti ayébáyé. Mò ń sọ pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé orin yìí le. Ibi tó le fún wọn gan-an ló rọrùn fún yín.

Ẹ tún wá nǹkan kan: ẹ wá ìlù. Ẹ ò ní rí i. Fèrè wà, trumpet 2 wà, ìwo 2 wà, fayolín lóríṣiríṣi wà, ṣùgbọ́n kò sí ìlù kankan nínú gbogbo ọ́kẹ́sítírà yẹn, ì báà ṣe kékeré. Gìtá ni onílù. Nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé èmi tí mò ń ta gìtá látọjọ́ yìí, ọwọ́ òsì mi nìkan ni mo ń náání, mi ò ka ọwọ́ ọ̀tún sí.

Tí ẹ bá ń gbọ́ ọ lọ, ẹ máa kíyè sí ẹni tó bá dákẹ́ nígbà tí gìtá bá wọlé. Okùn 6 péré ni gìtá ní, ohùn ẹ̀ kéré, fayolín bíi 20 lè bò ó mọ́lẹ̀ kíákíá, ìṣòro tó ba ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ orin lẹ́rù tí wọn ò fi dá a láṣà nìyẹn. Rodrigo ò bá a jà. Nígbà tí gìtá bá ń sọ̀rọ̀, fèrè kan á máa dún bí ẹyẹ lókèèrè, sẹ́lò kan, fayolín ńlá tí wọ́n ń jókòó ta, á gba ohùn orin náà lẹ́nu ẹ̀ fúngbà díẹ̀ á dá a padà, gbogbo ilé á wá pariwo nígbà tí gìtá bá sinmi. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ nílé, ṣé kì í ṣe bí àwọn tó kù ṣe máa ń ṣe nìyẹn?

Aranjuez tí wọ́n fi sọrí orin náà, ìlú ọba ni, lẹ́bàá odò Tajo, ní gúúsù Madrid. Ààfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọgbà ńláńlá tí àwọn ọba Sípéènì máa ń lọ lò nígbà ìrúwé. Rodrigo àti Victoria rìn nínú ọgbà yẹn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ó ní ohun tí òun fẹ́ kí èèyàn gbọ́ nínú orin náà ni òórùn òdòdó magnolia, orin ẹyẹ, àti omi tó ń tú jáde lára ìsun. Ẹ tún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà. Kò sí èyí tó nílò ojú níbẹ̀. Imú ni, etí ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ dojú fóònù bolẹ̀.

Apá kejì wá dé, Adagio, ibẹ̀ ló gùn jù, ó tó bí ìdajì gbogbo orin náà. Gìtá ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ rá okùn lọ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, kò kọrin, ó kàn ń tẹ́ ẹní sílẹ̀. Fèrè tó máa wá jókòó lórí ẹní yẹn ni wọ́n ń pè ní cor anglais, fèrè onígi tó gùn ju ẹnìkejì ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní oboe lọ tí ohùn ẹ̀ sì wúwo jù ú. Ẹ fetí sí bó ṣe ń kọ gbólóhùn kìíní, ó ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó parí, gìtá gbà á. Ohun kan náà ló sọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ bí fèrè ṣe sọ ọ́, torí fèrè lè fa ohùn gùn, okùn gìtá tí ẹ bá ti ta á báyìí, ó ń kú lọ nìyẹn. Kí ló wá ṣe? Ó ń fi ohùn wẹẹrẹwẹ yí i ká, ó ń gbọ̀n, ó ń dárà sí i kó má bàa kú. Gbogbo ẹwà ibẹ̀ wà nínú ìjàkadì yẹn. Àwa tá a ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, tá a bá ń tẹ̀lé olórin tó ń fa ohùn, nǹkan tá à ń ṣe lójoojúmọ́ ni, a ò kàn mọ̀ pé èèyàn lè fi kọ irú orin báyìí.

Ìtàn tó wà nídìí ẹ̀ rèé, ẹ fara balẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé bọ́ǹbù tí wọ́n jù sórí ìlú Guernica ní Sípéènì lọ́dún 1937 ni orin yẹn ń sunkún ẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni tọkọtaya yẹn ò fi sọ nǹkan kan, ìgbà tó yá ni Victoria sọ ọ́ nínú ìwé tó kọ nípa ayé àwọn méjèèjì. Lọ́dún 1939 ní Paris, Victoria lóyún ọmọ wọn àkọ́kọ́, oyún náà bà jẹ́, òun fúnra ẹ̀ wà ní ọsibítù. Rodrigo á padà sílé lálẹ́, á jókòó sídìí dùùrù nínú òkùnkùn tí kì í ṣe òkùnkùn lójú tiẹ̀, á máa tẹ ohùn orin yìí. Ìyẹn nìkan kọ́. Ìrántí ìgbà tí wọ́n ń rìn nínú ọgbà Aranjuez, tí ìfẹ́ ṣì jẹ́ tuntun, wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú. Ìfẹ́ ń rántí, ọ̀fọ̀ ń sunkún, ohùn orin kan náà ló gbé méjèèjì. Ẹ bá mi gbọ́ ọ báyìí, ẹ wò ó bóyá ẹ tún lè pè é ní orin òkú. Ọlọ́run sì ṣàánú wọn, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Cecilia, lọ́dún 1941.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí apá yẹn parí, gìtá á dá nìkan wà fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má ṣe fò ó, ẹ jọ̀ọ́. Á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, lórí okùn tó nípọn, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Á máa gòkè, á máa yára, á máa le, títí ọwọ́ á fi máa gbá gbogbo okùn pọ̀ bí ẹni tó ń lu ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún un. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ́kẹ́sítírà á ti ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn tí fèrè yẹn fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ ni gbogbo fayolín á wá máa ké jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí mi, mo yọ íápíìsì kan kúrò létí. Lẹ́yìn náà á rọlẹ̀, gìtá á gun àtẹ̀gùn lọ sókè tín-ín-tín, àwọn ohùn tó gbẹ̀yìn yẹn, atagìtá ò tẹ okùn mọ́lẹ̀ rárá, ó kàn fi ìka kàn án ni, ó wá ń dún bí agogo kékeré. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ tán pátápátá kí ẹ tó mí.

Apá kẹta ò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ijó ààfin ni, ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ máa rí i pé nígbà míì 2 ló ń kà, nígbà míì 3, kò sì sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní kò tó apá kejì, mo gbà pé kò jinlẹ̀ tó o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀, òun ló ń mú èèyàn jáde kúrò nínú yàrá yẹn padà sínú ọgbà, ó sì parí wẹ́rẹ́ bí ẹni tó fẹsẹ̀ kan jáde láìdágbére.

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ṣèdájọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, gìtá nìkan ni kí ẹ tẹ̀ lé, ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ gbàgbé gìtá, àwọn fèrè ni kí ẹ máa sá tẹ̀ lé. Ẹ sì pààrọ̀ atagìtá. Narciso Yepes wà, ó dúró ṣinṣin, ohùn ẹ̀ mọ́ kedere. Julian Bream máa ń mú un bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹnu, èmi fẹ́ràn Adagio tiẹ̀ jù. John Williams, kò sí àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta gìtá láìmọ nóòtì kà, ẹ lọ wá ti Paco de Lucía, tó ká lọ́dún 1991, tí Rodrigo fúnra ẹ̀ jókòó níbẹ̀ tó ń gbọ́. Ọ̀gá flamenco, orin ìbílẹ̀ gúúsù Sípéènì, ni Paco, kò mọ nóòtì kà dáadáa, ó jókòó ti orin yìí títí ó fi gbà á. Ẹ gbọ́ bí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ṣe ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ apá kìíní, gbám-títí yẹn á yé yín ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ.

Tí Aranjuez bá ti wọ̀ yín lára, Fantasía para un gentilhombre ló kàn. Ọdún 1954 ló kọ ọ́ fún Andrés Segovia, atagìtá tó lókìkí jù nígbà yẹn, ẹni tí kò ta Concierto de Aranjuez rárá títí ó fi kú. Orin Gaspar Sanz, atagìtá Sípéènì kan láyé àtijọ́, bí ọdún 300 ṣáájú, ni Rodrigo mú tó fi ṣe é. Ẹ dúró de ijó tó gbẹ̀yìn, Canario, méjì àti mẹ́ta inú 6 yẹn tún padà dé, ó wá hàn gbangba ju ti Aranjuez lọ, àwọn ọmọ mi máa ń jó sí i. Tí ẹ bá fẹ́ gìtá nìkan láìsí ọ́kẹ́sítírà, En los trigales dùn, ó kúrú. Invocación y danza tó kọ lọ́dún 1961 láti fi rántí Falla le gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí etí yín bá ti gbó. Àwọn tó ń kọrin, Cuatro madrigales amatorios ni tiyín, orin ìfẹ́ kúkúrú 4. Ó sì kọ concerto fún dùùrù, fún fayolín, fún sẹ́lò, fún háàpù, fún fèrè, èyí tó wà fún gìtá 4 lẹ́ẹ̀kan náà tún wà, Concierto andaluz, tó kọ fún ìdílé Romero, ìdílé àwọn atagìtá, lọ́dún 1967.

Lọ́dún 1991 ọba Sípéènì fi í joyè, Marqués ọgbà Aranjuez. Victoria kú lọ́dún 1997, Rodrigo tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1999, ẹni ọdún 97, Aranjuez ni wọ́n sin àwọn méjèèjì sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú òyìnbó tẹ́ ẹ sì lè dé Madrid, rélùwéè C-3 láti ibùdókọ̀ Atocha ló ń lọ síbẹ̀, kò tó wákàtí kan. Ẹ má kọ́kọ́ wọ ààfin, ẹ gba inú ọgbà lọ, ẹ wá ìsun omi kan, ẹ jókòó tì í. Ẹ má tẹ orin yẹn níbẹ̀. Ẹ pa fóònù, ẹ dijú, ẹ jẹ́ kí omi yẹn máa tú, kí ẹyẹ máa ké, kí afẹ́fẹ́ gbé òórùn yòówù tó bá ní wá. Tó bá tó bí ìṣẹ́jú 20, ẹ lè wá tẹ̀ ẹ́.